Ìwé Ìrìnnà Tí Oyèbámijí Fi Pamọ́ Sọ́dọ̀ Ìyá Rẹ̀

Oyèbámijí kò sọ fún àwọn èèyàn pé físà òun ti jáde. Kò sọ fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù jórinjórin rẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó. Kò sọ fún onílé. Kò sọ fún Olúgbénga pàápàá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, tí ṣọ́ọ̀bù wọn sì fara kan ara wọn. Ẹ̀rù ayé ń bà á. Ó ti gbọ́ nípa ẹni tí físà rẹ̀ jáde lónìí, tó sọ fún aládùúgbò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lọ́la, tí kò rí bàtà wọ̀ dé pápákọ̀ òfuurufú.

Èèyàn méjì péré ló mọ̀. Ọ̀kan ni Sẹ̀gilọlá, obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Èkejì ni ìyá rẹ̀ ní ìlú Ìyìn.

Ìyá yìí ló fọkàn tán jù láyé. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Kánádà, níbi tí ilé iṣẹ́ kan ti fẹ́ gbà á sí iṣẹ́ irin, ó fi ọ̀rá di ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó, ó sì gbé e lọ sí Ìyìn.

“Màámi, ẹ máa gbàdúrà lé e lórí láràárọ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí yín ni kó wà. Ojú àwọn èèyàn Adó ti pọ̀ jù.”

“Kí ló dé tí o ò fi í sí ulé rẹ?”

“Ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ni ulé mi?” Ó fi ohùn Èkìtì dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Ìyá gba ìwé náà. Ó yí i wò níwá lẹ́yìn. “Àwọn ọmọ ńkọ́? Dùnmínínú àti Oore-ọ̀fẹ́?”

“Màámi, ẹ jẹ́ kí n débẹ̀ ná. Bí mo bá ti débẹ̀, gbogbo rẹ̀ á yanjú.”

Ìyá wo ojú rẹ̀. Ó mú ìwé náà wọ yàrá.

Bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà ṣe rí nìyí. Motúnráyọ̀ ni ìyàwó tí Oyèbámijí fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì bí ọmọbìnrin méjì fún un. Nígbà tí ojú Oyèbámijí kan Sẹ̀gilọlá, ó kó ẹrù Motúnráyọ̀ síta ní ọjọ́ Sátidé kan, níṣojú àwọn ọmọ. Motúnráyọ̀ kó wọn lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìgbẹ́mọ, ó ń bọ ìrẹsì tà níbẹ̀. Ó pe Oyèbámijí lẹ́jọ́ ní Adó. Kóòtù ní kó máa fi owó oúnjẹ àti ti ilé ìwé àwọn ọmọ ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ó san án fún oṣù méjì, ó dákẹ́. Ó ti di ọdún méjì báyìí.

Bí wọ́n bá pè é lórí fóònù, á ní iṣẹ́ kò lọ. Nínú oṣù tí iṣẹ́ kò lọ yẹn náà ló ra ẹ̀rọ ìjórin tuntun.

Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o. Kì í pa ọjọ́ Ìsinmi jẹ. Lọ́fẹ̀ẹ́ ló ṣe géètì ńlá tí wọ́n ń gbà wọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì fi irin jó orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn lára, kí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé wá jọ́sìn lè kà á. Olùsìn gidi ni àwọn èèyàn ń pè é. Ọmọ rẹ̀ kò rí bàtà wọ̀ lọ sílé ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó lọ sí Ìyìn, òṣìṣẹ́ kóòtù kan dé sí Adébáyọ̀. Ọ̀dọ̀ Olúgbénga ló kọ́kọ́ yà sí láti béèrè ọ̀nà, Olúgbénga sì nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìwé tí ọkùnrin náà mú wá sọ pé Motúnráyọ̀ ti sọ fún kóòtù pé Oyèbámijí fẹ́ sá kúrò nílùú láìsan owó àwọn ọmọ. Kóòtù ní kó wá, kó sì mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání.

Bí òṣìṣẹ́ náà ṣe yí ẹ̀yìn padà ni Oyèbámijí ti já wọ ṣọ́ọ̀bù Olúgbénga.

“Gbénga, ìwọ lo dà mí.”

“Mo dà ọ́ bí i ti báwo?”

“O sọ fún wọn pé mò ń lọ.”

“Ò ń lọ síbo?” Olúgbénga bọ́ awò dúdú kúrò lójú. “Ṣé o fẹ́ rìnrìn àjò ni? Èmi ò mọ̀ o.”

“Má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ìwọ lo júwe mi fún un.”

“Ó bi mí pé ta ni Oyèbámijí, mo ní ìwọ ni. Ṣé kí n ní èmi ni?” Olúgbénga fi irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ò ń lọ, Bámijí, àwọn ọmọ rẹ ńkọ́?”

“Pásítọ̀ Gbénga! Irin tó wà níwájú rẹ ni kó o jó. Ṣé ìwọ tí a máa ń gbé kúrò nídìí ògógóró lójoojúmọ́ ló fẹ́ kọ́ mi ní ìwà?”

“Èmi náà ni,” Olúgbénga dáhùn. “Òótọ́ ni o sọ. Ẹ máa ń gbé mi. Jésù ló gbé mi kẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò sì tún gbé mi mọ́.”

Oyèbámijí pòṣé, ó jáde. Ọ̀rọ̀ kóòtù kò bà á lẹ́rù. Ìwé tí wọ́n ń wá ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí ní Ìyìn, ta ló fẹ́ rí i níbẹ̀? Ó pe ìyá rẹ̀.

“Màámi, ìwé yẹn ńkọ́?”

“Ó wà níbi tó yẹ kó wà.”

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, wọ́n fún un ní Bíbélì. Ó gbé e sókè, ó búra. Adájọ́ jẹ́ obìnrin àgbà kan tí kì í pariwo. Ó ní, “Ìwé ìrìnnà rẹ dà?”

“Ó sọnù, Olúwa mi. Inú ọkọ̀ ni mo gbàgbé rẹ̀ sí nígbà tí mò ń ti Àkúrẹ́ bọ̀.”

“Nígbà wo?”

“Ó tó oṣù méjì.”

“O ti búra o, ọ̀gbẹ́ni.”

“Mo ti búra, Mà. Bí mo bá ń parọ́, kí Ọlọ́run dá mi lẹ́jọ́.”

Adájọ́ mi orí sí akọ̀wé kóòtù. Akọ̀wé ṣí àpò ìwé kan, ó yọ nǹkan pẹlẹbẹ kan jáde, ó sì gbé e sórí tábìlì. Oyèbámijí mọ ọ̀rá náà. Ó mọ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà, nítorí òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́ ọ.

“Ta ló mú un wá?” ló béèrè.

Ẹnì kan dìde nínú ìjókòó ẹ̀yìn. Gèlè àlòkù tó máa ń wé lọ sóko ló wé. “Èmi ni,” ni ìyá rẹ̀ wí.

Adájọ́ pàṣẹ pé ìwé ìrìnnà náà yóò wà lọ́wọ́ kóòtù. Wọn yóò fi orúkọ Oyèbámijí ránṣẹ́ sí àwọn aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfuurufú àti ní ẹnu ibodè, kò sì gbọdọ̀ jáde ní Nàìjíríà títí yóò fi san gbèsè àwọn ọmọ rẹ̀, tí yóò sì fi onídùúró sílẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀. “Ní ti irọ́ tí o pa níwájú mi,” ni adájọ́ wí, “mo lè fi ọ́ sí ẹ̀wọ̀n báyìí báyìí. Ìyá rẹ ti bẹ̀ mí kí o tó dé. Padà wá ní ọjọ́ Ajé, kí n gbọ́ ohun tí o ní í sọ.”

Lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú kóòtù ni Oyèbámijí ti bá ìyá rẹ̀.

“Ẹ̀yin, Màámi? Ẹ̀yin tí mo sá wá bá?”

“Jókòó kí n sọ fún ọ.”

“Mi ò jókòó!”

“Dúró nígbà náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbàdúrà lé ìwé yẹn lórí. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ní kí n lọ wo àwọn ọmọ ná, kí n lè mọ ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run sí. Mo dé Ìgbẹ́mọ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Dùnmínínú wà nídìí ìrẹsì. Wọ́n ti lé e wálé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà nítorí owó ilé ìwé.” Ìyá nu ojú. “Bámijí, ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́ nígbà tí bàbá rẹ ń lọ sí Jámánì. Ó ní bí òun bá ti débẹ̀, gbogbo rẹ̀ á yanjú. Èmi ni mo gbàdúrà lé ìwé rẹ̀ lórí. Èmi ni mo di ẹrù rẹ̀. O mọ̀ pé a kò gbúròó rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò lè gba irú àdúrà yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Mo sọ fún ìyá wọn pé ò ń lọ, mo sì gbé ìwé náà fún kóòtù.”

“Ẹ ò bá sọ fún mi!”

“Mo bi ọ́. O ní kí n jẹ́ kí o débẹ̀ ná.”

“Ẹ ti pa mí. Láti òní lọ, mi ò ní ìyá.”

Ó yí padà, ó ń lọ. Ó ti dé ẹnu géètì kóòtù nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn. “Bámijí! Ṣé o ti jẹun láti àárọ̀?”

Ó jáde sí títì.

Ọjọ́ kẹta ni Sẹ̀gilọlá di ẹrù tirẹ̀. Kò bá a jà. Ó ń ká aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń múra àjọ̀dún. “Bàbá, ẹ má bínú sí mi,” ló wí. “Kánádà la jọ sọ. Tó bá jẹ́ pé Adébáyọ̀ la jọ sọ, mi ò ní wá.”

Oyèbámijí wá mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn fọkàn tán ẹni, kí ẹni náà sì yọ ọwọ́. Kò sùn dáadáa. Bó bá ti rántí ìyá rẹ̀ tó dìde ní ìjókòó ẹ̀yìn yẹn, ńṣe ni á tún dìde jókòó. Ó pinnu pé òun yóò ta ẹ̀rọ ìjórin tuntun, òun yóò fi owó rẹ̀ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ sí Kùtọnu, òun yóò ra ìwé mìíràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó fẹ́ dé Ìgbẹ́mọ láti bú Motúnráyọ̀ dójú ìwọ̀n.

Olúgbénga bá a níbi tó ti ń nu ẹ̀rọ náà fún ẹni tó fẹ́ rà á.

“Ìyá mi ló dà mí, Gbénga. Kì í ṣe ìwọ. Ìyá tó bí mi lọ́mọ.”

“Mo ti gbọ́. Ó dùn ọ́?”

“Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ó ń jó mi bí iná.”

Olúgbénga jókòó sórí páìpù. “Ọdún méjì ló ti ń jó Dùnmínínú bẹ́ẹ̀.”

“Wò ó, máa lọ.”

“Mò ń lọ. Ẹyọ kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Wọ́n dà Jésù náà. Ẹni tó ń bá a jẹun nínú àwo kan náà ló fà á lé wọn lọ́wọ́. Jésù kò sá, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó jẹ́ kí wọ́n kàn án mọ́ igi nítorí àwọn tó dà á, kí wọ́n lè rí ìdáríjì gbà. Ìwọ ń sọ pé wọ́n dà ọ́. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, Bámijí, ṣé ẹni tí wọ́n dà ni ọ́, àbí ìwọ lo dà wọ́n?”

Oyèbámijí sọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá sí i, ó sì lọ wọ takisí Ìgbẹ́mọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn wọ takisí tẹ̀lé e.

Ọ̀sán ni. Èéfín ń jáde nídìí àgbá ìrẹsì nínú àgbàlá. Dùnmínínú, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń fi ẹsẹ̀ la ìrẹsì bíbọ̀ lórí tapólì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, kí oòrùn lè pa á. Àbúrò rẹ̀ ń lé adìyẹ. Bí àgbà nínú wọn ṣe rí i, ó dúró gbagidi.

“Dádì! Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ ti rí ìwé yín?”

“Ìwé wo?”

“Ìwé yín tó sọnù. Mọ́mì ní ìwé tí ẹ fẹ́ fi rìnrìn àjò ló sọnù, ni wọn ò ṣe jẹ́ kí ẹ lọ. Èmi àti Oore-ọ̀fẹ́ ń gbàdúrà sí i. A ní kí Ọlọ́run bá yín wá a.”

“Mo ti wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,” ni Oore-ọ̀fẹ́ wí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Oyèbámijí gbójú sókè. Motúnráyọ̀ ti jáde síta, igi tó fi ń ro ìrẹsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo èébú tó kó wá láti Adó kò rí ẹnu gbà jáde.

“O ò sọ fún wọn?”

“Kí n sọ pé kí ni?” Motúnráyọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. “Pé bàbá wọn di Bíbélì mú, ó ń parọ́? Nítorí oúnjẹ wọn ni mo ṣe pè yín lẹ́jọ́, Bàbá Dùnmínínú. Mi ò pè yín kí wọ́n lè kórìíra yín. Ẹ má rò pé mo ti dárí jì yín o. Bí mo ṣe ń rí yín yìí, inú mi ń ru. Ṣùgbọ́n ọmọ ni wọ́n.”

Ó ti dà wọ́n, wọ́n sì ń bá a wá ìwé tí yóò fi sá fún wọn. Ohun tó wó o lulẹ̀ nìyẹn. Kóòtù kò wó o. Sẹ̀gilọlá kò wó o. Ọmọ tó lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wó o.

Orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀ létí tapólì. Kò wá ọ̀rọ̀ ńláńlá. “Jésù, mo parọ́. Mo parọ́ fún adájọ́. Mo parọ́ fún àwọn ọmọ yìí. Mo jó orúkọ mi mọ́ géètì ilé rẹ, mo sì ti àwọn ọmọ mi síta. Èmi ni mo dà wọ́n, mo sì dà ọ́. Kò sí ibi tí mo tún lè sá sí. Gbà mí, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí o ta sílẹ̀.”

Ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó dìde, ó pe àgbà nínú àwọn ọmọ náà. “Dùnmínínú, ìwé yẹn kò sọnù. Irọ́ ni mo pa.”

Dùnmínínú wò ó. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó ń fi ẹsẹ̀ la ìrẹsì rẹ̀ lọ.

“Ṣé kí n má wá a mọ́?” Oore-ọ̀fẹ́ béèrè.

“Má wá a mọ́, ọmọ mi.”

Ní ọjọ́ Ajé, Oyèbámijí jẹ́wọ́ níwájú adájọ́. Kò wá àwáwí. Adájọ́ ní kó máa gbá ọgbà kóòtù láràárọ̀ fún oṣù kan, ó sì gbá a, àwọn oníbàárà rẹ̀ ń kọjá, wọ́n ń wò ó. Ó ta ẹ̀rọ tuntun náà, kóòtù ló gba owó rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Wọ́n padà sílé ìwé. Ilé iṣẹ́ Kánádà kò dúró dè é. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ kóòtù títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí gbèsè náà kò tíì tán.

Ó lọ sí Ìyìn. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

“Ta nìyẹn?” ìyá rẹ̀ béèrè láti inú ilé. “Ṣebí o ní o ò ní ìyá. Ta lo wá kí?”

“Màámi, ẹ dárí jì mí. Ẹ sì ṣeun.”

“Dìde nílẹ̀. Uyán ń tutù.”

Motúnráyọ̀ kò tíì padà sọ́dọ̀ rẹ̀, n kò sì ní parọ́ fún ọ pé ó ti padà. Dùnmínínú kì í bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń ṣọ́ ọ bóyá á tún sá. Oyèbámijí mọ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Lọ́sẹ̀ tó gba Jésù, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì lọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára géètì. Ojú ibẹ̀ ṣì ń dán.

Ìwọ tó di ìwé yìí mú, ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ wàyí.

Ó lè máà jẹ́ owó oúnjẹ ọmọ lo jẹ ní gbèsè. O mọ èyí tí ìwọ ṣe. O mọ ẹni tí o dà, àti ibi tí o gbé ẹ̀rí rẹ̀ pamọ́ sí. O ti búra pé kò sí níbì kankan. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ó ti wà lórí tábìlì Onídàájọ́, nínú ọ̀rá tí o fi dì í gan-an.

O kò lè gba ẹnu ibodè ọ̀run kọjá pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Orúkọ rẹ ti débẹ̀ ṣáájú rẹ. Géètì tí o ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì kò ní ṣílẹ̀kùn fún ọ, ìyá rẹ kò sì ní lè bá ọ bẹ̀bẹ̀ ní ọjọ́ náà. Jésù nìkan ló lè bá ọ bẹ̀bẹ̀, nítorí òun ló san gbèsè náà, òní ló sì ń pè ọ́.

Má sọ pé kí n débẹ̀ ná. Bàbá Oyèbámijí sọ bẹ́ẹ̀. Oyèbámijí náà sọ bẹ́ẹ̀. Níbi tí o jókòó sí yìí, kúnlẹ̀. Sọ òtítọ́ fún Jésù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó bá wá sí ọ lẹ́nu, kó dárí jì ọ́, kó sì gbà ọ́.

Lẹ́yìn náà, dìde, kó o lọ bá ẹni tí o dà. Má bẹ̀rù ojú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ń gbàdúrà fún ọ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí.